Ọrun Kúkúrú Tí Meurig Rà

Ní ọdún tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí gbogbo Gwent, ilẹ̀ wa, pé kí a kó tafàtafà wá fún ogun Faransé, Cadell ọmọ Tegwared ti wà nínú túbú ìjòyè wa ní Brynbuga láti ìgbà ìkórè. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó ta àgbọ̀nrín kan lọ́fà nínú igbó tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń dẹ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di igbó ìjòyè. Ẹ má bi mí bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Èmi Heilyn jẹ nínú ẹran àgbọ̀nrín náà, ó sì dùn.

Abẹ́ ilẹ̀ ni túbú náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, omi sì ń sun lára ògiri rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kí òtútù tó dé kì í sábà rí ìgbà tí ewé tún ń yọ. Nígbà tí Lleucu, ẹ̀gbọ́n Cadell obìnrin, gbé búrẹ́dì lọ fún un, ojú rẹ̀ ti wú kó tó délé. Ó ní àbúrò òun ń wúkọ́ bí arúgbó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí tí ìkéde ọba fi bá wa. Ẹni tó bá ní ará ilé nínú túbú, tó bá lọ sógun, tó sì dúró títí ogun fi parí, ìjòyè wa yóò dá ará ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò máa yẹ ọrun wò. Ọjọ́ tí wọ́n bá bá tafàtafà láìní ọrun lọ́wọ́, wọn yóò lé e padà sílé, ìdáríjì náà sì parẹ́ nìyẹn. Meurig, tí wọ́n bí tẹ̀lé Lleucu, tó sì ṣáájú Cadell, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọdẹ ṣe jù ú lọ ní òkè wa. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun kò ní ọrun mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú Cadell ti kó ọrun tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wọ́n sì fi dáná, wọ́n ń yá a.

Èmi ni mo bá a lọ sọ́dọ̀ Ìyá Nest. Ọkọ Nest ló ń gbẹ́ ọrun tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀bẹ náà, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ náà lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá," Meurig ní.

"Òo. Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, atẹ́gùn ń wọlé. Kí lo fẹ́ fi ọrun pa, àgbọ̀nrín àbí Faransé?"

"Èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú ni, Ìyá."

"Ọmọ Tegwared! Ẹ ò tiẹ̀ lè gbọ́n láyé." Ó na ọwọ́ sí ògiri. "Wò wọ́n. Má fọwọ́ ọ̀bùn kan èyí tó wà lókè yẹn o."

Èyí tó wà lókè jẹ́ igi ywen, igi tó ń hù láàárín sàréè ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ pupa, ó sì ń dán. Meurig wò ó pẹ́. Ó béèrè iye rẹ̀, Nest sì sọ ọ́.

"Mo ní àgùntàn kan, Ìyá. Àti owó fàdákà díẹ̀ tí Lleucu fún mi."

"Àgùntàn kan? Ṣé ó máa ń kọrin ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Meurig náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ti ń tì í, ó sì yára na ọwọ́ sí ọrun kejì. Igi llwyf lásán ni èyí, irú èyí tó kún inú igbó wa. Ó ga jù ú lọ, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Ó tẹ̀ ẹ́ lórí eékún, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí.

"Ó tutù," ó ní. "Igi yìí ò tíì gbẹ, Ìyá."

"Kò tíì gbẹ lóòótọ́. Ìdí tí owó ẹ̀ fi wálẹ̀ nìyẹn. Tó o bá fà á báyìí, á tẹ̀, kò ní padà sípò mọ́. Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi di àmọ́dún, màá gbé e fún ọ tayọ̀tayọ̀."

"Cadell ò lè dúró di àmọ́dún."

Nest kò fi ìyẹn ṣàwàdà. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè ààrò, ó sì yọ ẹ̀kẹta jáde nínú èéfín. Igi llwyf ni òun náà, ṣùgbọ́n ó dúdú, ó ní kókó lára, ó sì kúrú. Nígbà tí Meurig gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ló dé. Ó fi èékánná tọ ojú igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé Nest kò gé kókó kankan dànù, ó kàn fi ọ̀bẹ yí wọn ká ni. Ó fi ìkúùkù kàn án lára. Ìró rẹ̀ le.

"Èyí ti gbẹ," ó ní.

"Láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé ló ti wà lókè yẹn. Àgùntàn ẹ àti owó Lleucu, ó tó. Tó o bá gbé ọrun gígùn wọ igbó wa, á máa há sẹ́ka. Èyí ò ní há. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Àyà ni kó o fà á dé. Àyà, kì í ṣe etí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń fà á dé etí, nítorí pé tiwọn gùn. Tó o bá fa èyí dé etí, á kán mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ìyá, ìgbà wo lẹ rí èmi tí mo fa ọfà kọjá irin?"

Òótọ́ ló sọ. Ní òkè wa, a kì í wo ọfà nígbà tí a bá ń fa ọrun. Ẹran là ń wò. Ìwọ̀n ọrun la fi ń gé ọfà. Bí a bá ti fà á tí irin orí ọfà fi kan ìka ọwọ́ òsì tó di ọrun mú, a mọ̀ pé ó tó, a ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ wa kan kì í ronú sí i, bí ènìyàn kì í ti í ronú sí èémí. Nest kó ọfà tó ti gé sí ìwọ̀n ọrun náà lé e lọ́wọ́, kò gba nǹkan kan lé e.

Bí ẹ bá bi mí, Meurig yàn dáadáa. Títí di òní ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti bá ènìyàn jà lórí rẹ̀. Ọrun tó dára ló rà, ó sì rà á ní iye tí agbára rẹ̀ ká. Ogun ni kò dára.

Olórí ogún ọkùnrin tó ń lọ láti abúlé wa ni Einion ọmọ Cynwrig, ọkọ Lleucu. Ènìyàn gíga ni, ohùn rẹ̀ a máa dé òdìkejì àfonífojì, nígbà tó bá sì ń kọjá níwájú ilé ọtí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa kí i pé, "Einion ọmọ Cynwrig, ìkookò òkè Blorens, ajà-má-wẹ̀yìn!" Òun a sì yọ fìlà bí ọba. A bá a níwájú ilé rẹ̀ tó ń fi ọ̀rá pa ọrun ywen rẹ̀ lára. Ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ Meurig.

"Kí lèyí? Ọrun ni àbí igi tí wọ́n fi ń ro ọbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà fún mi níbi tí màá dúró sí. Ẹ máa rí ohun tó máa ṣe."

"Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa fi wá ṣẹ̀sín dé etí òkun. Mi ò lè kó igi ìrobẹ̀ lọ bá Faransé jà, Meurig."

Lleucu ń fún wàrà lọ́wọ́. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó sì dìde.

"Einion. Tìẹ gùn, gbogbo wa ti rí i. Àbúrò mi wà nínú ihò, ó ń ku ikú díẹ̀díẹ̀, ìwọ ń fọrun ṣàwàdà."

Ẹ̀rín tán lójú Einion. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi tí a fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà mìíràn. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Meurig, ó ní, "Ó dáa. Mo fi egungun Teilo Mímọ́ búra, ibi tí mo bá wà ni Meurig máa wà, màá sì mú un padà wá bá ọ nílé yìí."

"Èmi náà fi Teilo búra," Meurig ní. "Ẹ̀yìn yín ni màá dúró sí, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ má búra jù," Lleucu ní. "Ẹ ṣáà padà wálé."

A gba Henffordd kọjá lọ sí òkun ìhà gúúsù. Ní gbogbo ìlú tí a bá ti wọ̀, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì a máa ké bí ewúrẹ́ sí wa, àwa a sì máa bú bàbá wọn ní èdè wa pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, wọn a rò pé a ń kí wọn ni. Nínú ọkọ̀ ojú omi, gbogbo wa la bì, Einion ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ wa nínú díẹ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, wọ́n tò wá yí ìlú kan tí ń jẹ́ Vaurenne ká, ìlú olódi tó jókòó sáàárín àbàtà, wọ́n ní kí a dúró títí ebi yóò fi lé àwọn ará inú rẹ̀ jáde.

Àwọn tó ń sọ ìtàn ogun kì í sọ fún yín pé ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, àti búrẹ́dì tó ti hu irun. Ebi pa àwa tó dó ti ìlú náà gẹ́gẹ́ bó ṣe pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nínú àbàtà náà, esùsú àti igi kéékèèké dí pa, àwọn tó ní ọrun gígùn kò sì lè yí ara padà níbẹ̀. Meurig ló ń wọlé pẹ̀lú ọrun kúkúrú rẹ̀, ó ń rá lórí ikùn, a ó sì rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Nígbà tó pa ìmàdò kan, Einion fúnra rẹ̀ dìde, ó sì kígbe pé, "Meurig ọmọ Tegwared, abógún-yó! Igi ìrobẹ̀ wa ti tún ro ọbẹ̀ o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo rò pé kò sí ìgbà tí mo tún fẹ́ràn àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ṣùgbọ́n omi àbàtà ń gba ọfà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òtútù fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́, ọfà tí Nest gé fún un ti tán, tiwa náà kò sì ṣẹ́kù mọ́.

Ìgbà náà ni Syr Aymer, ọ̀gágun wa, pe àwọn olórí sí àgọ́ rẹ̀. Einion mú mi lọ nítorí pé mo gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti da màlúù lọ sọ́jà Henffordd rí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Oúnjẹ ń wọ inú ìlú lórí ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ. Bí a bá wó ẹnu ọ̀nà náà, ìlú tán. Ògiri amọ̀ tóóró kan, tí omi wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, nìkan ni ọ̀nà tó dé ibẹ̀. Àwọn kan fẹ́ àkàbà, àwọn kan ní kí a tún dúró sí i. Syr Aymer gbọ́ gbogbo wọn, kò sì gba ti ẹnì kankan. Ó ní kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lọ wó o, kí ogún Einion sì dúró lórí ògiri náà láti máa tafà bò wọ́n.

"Ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ tóóró jù," Einion wí fún mi. "Tá a bá ń padà, ẹni tó bá kẹ́yìn ò ní ríbi yà sí."

Mo sọ ọ́.

"Kí ẹni tó máa kẹ́yìn jẹ́ akọni nígbà náà," Syr Aymer dáhùn.

Ọ̀rọ̀ tí Einion fi fèsì, mo kọ̀ láti tú u. Mo ní ó béèrè nípa ọfà ni.

"Ọfà ọba ti dé lánàá, ó kún inú àgbá."

Einion ṣàlàyé pé ọfà ọba gùn, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀, pé ọrun wà láàárín wa tó kúrú, kí wọ́n jẹ́ kí a gé díẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ọfà ọba ni," ni Syr Aymer wí. "Ẹni tó bá gé e, màá gé àtàǹpàkò rẹ̀. Tó bá sì ní ọrun tí kò lè ta ọfà ọba, a jẹ́ pé kì í ṣe ọrun nìyẹn. Kó máa lọ sílé. Ta ni?"

Mo tú èyí fún Einion. Mo mọ ohun tó ń rò, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè, Cadell ni yóò sì kú sí i. Einion yọ fìlà rẹ̀.

"Sọ fún un pé gbogbo ọrun mi ló lè ta á. Sọ pé àṣìsọ ni mo sọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ó tú òwú létí aṣọ òtútù rẹ̀, òun àti Meurig sì jókòó lórí àgbá, wọ́n ń di òwú mọ́ ara ọfà ọba ní ibi tí irin ìbá wà bó bá jẹ́ pé Nest ló gé e.

"Ìka ẹ á kan òwú dípò irin," Einion ní. "Tó bá ti kàn án, jọ̀wọ́ ẹ̀."

"Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n."

"Dán an wò kí n rí i."

Ó dán an wò sára àpò kan tó kún fún koríko. Ìka rẹ̀ kan òwú, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ọfà náà sì wọlé dé ìyẹ́. Einion ní ó dáa. Wọ́n di òwú títí etí aṣọ Einion fi tán, tí aṣọ náà sì ń fà ya nídìí bí aṣọ alágbe, a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìyẹn náà.

Ìjà náà kò pẹ́. Ìkùukùu wà lórí omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà dé ẹnu ọ̀nà omi, mo gbọ́ àáké. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìlú rí wa láti orí odi. A ta, wọ́n ta, ẹnu ọ̀nà náà wó, omi ya lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo, a sì gbọ́ igbe obìnrin nínú ìlú. Iṣẹ́ ti parí, ó kù kí a padà. Einion gún ọfà rẹ̀ mọ́ inú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Meurig, ó sì lọ síwájú láti lé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà padà, ó ń tì wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun sì ni ó kẹ́yìn gbogbo wọn, bí mo ti mọ̀ pé yóò rí.

Ọkùnrin kan tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ yọ láti etí omi lẹ́yìn rẹ̀. Àárín Meurig àti ọkùnrin náà ṣófo. Ní ti àwa yòókù, Einion fúnra rẹ̀ ló dí wa lójú. Meurig nawọ́ sí apó, apó ti tán. Ó fa ọ̀kan yọ nínú ọfà tí Einion gún sílẹ̀.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i bó ṣe fà á. Ojú rẹ̀ wà lára ọkùnrin náà, níbi tó yẹ kí ojú tafàtafà wà. Ìka rẹ̀ ń wá òwú, kò sí òwú. Ó wá ń wá irin, bí gbogbo wa ti ṣe ń wá a láti kékeré, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń lọ sẹ́yìn, ó kọjá àyà, ó kọjá èjìká, irin ṣì wà níwájú. Ọrun náà ké, ó sì kán sí méjì.

Einion gbọ́ ìró rẹ̀. Ó yíjú sí wa, mo sì gbà pé ó mọ ohun tó kán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kọ̀ náà wọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

A gbé e dé àgọ́, ibẹ̀ ló sì kú sí. Inú iyanrìn ni a sin ín sí, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí omi kò sí. Meurig gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ègé ọrun rẹ̀ méjèèjì ṣì so mọ́ ara wọn pẹ̀lú ọsán ọrun, ó fi wọ́n kọ́ ọrùn bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni àyẹ̀wò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń bọ̀ láti àgọ́ dé àgọ́ nígbà tí mo gbé ọrun ywen Einion wá, tí mo sì gbé e síwájú Meurig.

"Gbà," mo ní.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mo fi Teilo búra, Heilyn, gbé e kúrò níwájú mi."

"Wọ́n á lé ẹ lọ."

"Kí wọ́n lé mi."

Bleddyn, tó dàgbà jù nínú wa, ń wo bàtà rẹ̀. Ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. "Lleucu ò ní ọkọ mọ́," ó ní. "Tó o bá lọ sílé lónìí, kò ní ní Cadell náà. Àwa ò ní sọ ọ́ fún un. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

Meurig pariwo mọ́ ọn. Ó bú u, ó bú mi, ó bú Nest, ó bú àgbọ̀nrín tí Cadell pa. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gba ọrun náà.

Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó mọ ọrun. Ó ní kó fà á. Ọrun náà le ju èyí tó ti fà rí lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fà á dé etí. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara igi náà bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

"Ọrun tó dára rèé," ó ní. "Bi í pé èló ló rà á."

Mo bi í, nítorí pé ọkùnrin náà dúró, ó ń retí. Meurig yíjú kúrò.

"Sọ fún un pé ó wọ́n," ni Bleddyn wí.

Mo sọ ọ́. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní irú rẹ̀ máa ń wọ́n lóòótọ́, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Vaurenne ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí ewé yọ. Àwọn tó jáde wá rí bí òkú. Mo ti rò pé inú mi yóò dùn. Syr Aymer mú ọ̀rọ̀ ìkéde ọba ṣẹ, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fún wa ní òǹtẹ̀ ọba, a sì wọkọ̀. Ní Brynbuga, wọ́n gbé Cadell jáde fún wa láti inú ilẹ̀. Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun létí, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ó rọ̀ mọ́ Meurig lọ́rùn, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà léjìká rẹ̀.

"Ti Einion nìyẹn. Àwọn fúnra wọn dà?"

Meurig sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dé òwú, títí dé ìka. Cadell fi ẹ̀yìn ti ògiri túbú náà.

"Ẹ ò bá jẹ́ kí n kú síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ létí Lleucu," Meurig ní.

Àwa mẹ́ta la gun òkè náà. Òjò winniwinni ń rọ̀, Meurig sì ti wọ ọrun náà sínú àpò aṣọ pupa kan tó wà nínú ẹrù Einion kí omi má baà bà á jẹ́. Kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò rò ó. Lleucu ló rán àpò náà, láti ara aṣọ tó fi ṣe ìyàwó, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo àfonífojì wa. Ó wà lókè nínú oko, ó ń gé koríko. A rí i tó nà ró, tó fi ọwọ́ bo ojú, tó ń wo àwọ̀ pupa náà tó ń gòkè bọ̀ nínú òjò.

Ó ju dòjé nù. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ wá bá wa, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀.

Meurig fẹ́ sọ ọrun náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lápá. Cadell ní, "Ẹ dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a lóhùn." Lleucu fo ògiri òkúta, ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle, ìborí rẹ̀ ti já bọ́. Ó rí Cadell, ó kígbe ayọ̀, ó fà á mọ́ra, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ó wo Meurig, ó wo èmi. Ó wá na ọrùn, ó ń wo ọ̀nà tí a gbà wá, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni, àbí?" ó ní.

Meurig bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ọrun náà lápá.